Aṣọ Kan Ṣoṣo Tó Jó Lọ́wọ́ Kò-jó-rí

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ti sọnù láti ìgbà tó ti di géńdé. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Kò-jó-rí, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti ń gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú, aṣọ kankan kò jó mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ìbáà ṣe aṣọ ìgbéyàwó, ìbáà ṣe áńkáṣíìfù tó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, yóò jáde lábẹ́ irin rẹ̀ láìní àbùkù. Inú rẹ̀ a sì máa dùn sí orúkọ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, kí á sọ òótọ́. Bí ẹnì kan bá pè é ní alágbàfọ̀ lásán, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí èédú rẹ̀ títí onítọ̀hún yóò fi pè é bó ṣe fẹ́.

Yàrá gígùn kan lẹ́yìn bárékè ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí àgbàlá tí wọ́n ń to lọ́rì sí. Tábìlì ńlá kan wà láàárín tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wé. Garawa sítáàṣì wà lápá kan, garawa búlúù tí ń mú aṣọ funfun dán wà lápá kejì, ìkòkò èédú sì wà nídìí ògiri tí iná rẹ̀ kì í kú. Okùn aṣọ lọ láti ògiri dé ògiri, débi pé ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ tẹ orí ba, kí ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni má baà nù ún lójú. Ilé ìwé ni bárékè yẹn kí ogun tó dé. Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà àjòjì gba ìlú, wọ́n lé àwọn ọmọ ilé ìwé lọ sílé, wọ́n ní kí Kò-jó-rí dúró, nítorí pé àwọn nílò ẹni tí yóò máa fọ kakí àwọn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyàwó rẹ̀ bí fún un kó tó kú. Ọmọ náà ò lè fara da ìlú tí àjòjì ń pàṣẹ nínú rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ní òun ń lọ ṣẹ́ igi wá, kò sì padà wálé mọ́. Ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá àwọn àjòjì jà láti inú igbó. Wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé. Bí ẹnì kan bá bèèrè rẹ̀, Kò-jó-rí á ní ó lọ wá iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn, á sì yára bèèrè bí aṣọ onítọ̀hún ṣe fẹ́ kí òun ká a.

Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ló tọ́ dàgbà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ọlọ́ṣẹ nítorí ọṣẹ tó ń sè tà, ti di opó nígbà tí ọmọ tirẹ̀ ṣì ń rá. Kò-jó-rí ló gba ọmọ náà sọ́dọ̀. Òun àti ọmọ Kò-jó-rí, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un, jọ sùn lórí ẹní kan, wọ́n jọ jẹun nínú abọ́ kan, wọ́n sì jọ jẹ pàṣán kan náà nígbà tí wọ́n ta epo sí aṣọ oníbàárà. Ọmọ àbúrò yìí kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó sì ń wa lọ́rì oníṣòwò pákó kan. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gba lọ́rì lọ́wọ́ oníṣòwò, wọ́n gba ẹni tó jókòó nídìí ọkọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fún un ní kakí, wọ́n ní kó máa gbé búrẹ́dì káàkiri. Awakọ̀ ò kọ̀. Ta ni yóò kọ̀ fún ìbọn? Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, kakí náà tilẹ̀ yẹ ẹ́, ó sì mọ̀ pé ó yẹ òun. Bó ṣe di pé ọmọ ẹní kan náà wà níhà méjì ogun kan náà nìyẹn.

Níbi iṣẹ́ Kò-jó-rí ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ṣọ́jà tó ń yan fanda láàárín ìlú máa ń fẹ́ kí kakí òun le gbagidi, kí ìlà ṣòkòtò rẹ̀ mú bí abẹ. Sítáàṣì ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyà ni sítáàṣì nínú igbó. Bí òógùn bá pò ó, á máa lẹ̀ mọ́ni lára, á máa yúnni, á sì máa dún wàrà wàrà bí èèyàn bá ti gbẹ́sẹ̀. Nítorí náà, bí àṣẹ bá ti jáde pé kí ogun wọ igbó, kí ṣọ́jà tó nu ìbọn rẹ̀ pàápàá, á ti gbé kakí wá, á ní, "Baba, má fi sítáàṣì sí eléyìí o." Wọn ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ti sọ nǹkan kan.

Kò-jó-rí mọ̀. Ọlọ́ṣẹ ló sì máa ń gbé e lọ. Ọjọ́ tó bá gbé ọṣẹ wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á bèèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, á bèèrè bí sítáàṣì ṣe ń lọ. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní wọn ò fẹ́ sítáàṣì, á gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á gba etí igbó lọ bí ẹni ń lọ kó eérú tí yóò fi se ọṣẹ. Kò sí ṣọ́jà tó ń bi ọlọ́ṣẹ ní ohun tó fẹ́ fi eérú ṣe. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ẹni tó fẹ́ rí.

Ẹ má rò pé akọni ni Kò-jó-rí. Ojo paraku ni. Gbogbo ìgbà tí àbúrò rẹ̀ bá ti jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà, á sá lọ sápamọ́ sẹ́yìn ilé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé kí ọmọ òun ti kúrò níbi tó wà kí àwọn ṣọ́jà tó dé ibẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn ará igbó ń ṣe náà nìyẹn: wọ́n á gbọ́, wọ́n á ká ẹrù, wọ́n á sá. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n gbọ́n sí i. Dípò kí wọ́n sá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lúgọ sí ọ̀nà. Kò-jó-rí ń rí lọ́rì tó ń padà bọ̀ pẹ̀lú ihò lára, ó ń rí kakí tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ tí wọ́n ní kó fọ̀. Ó ń fọ̀ ọ́, kò sì bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan dé tí gbogbo bárékè, tọmọdé tàgbà, ń wí ohun kan náà. Ọlọ́ṣẹ gbé ọṣẹ wọlé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi. Báwo ni sítáàṣì?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Àtọ̀gá àtọmọṣẹ́."

"Gbogbo wọn pátá?"

"Ṣé mo ti purọ́ fún ẹ rí ni?"

Ọlọ́ṣẹ ò jókòó. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó bọ́ sí ọ̀nà.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Awakọ̀ fi tẹ orí ba lábẹ́ okùn aṣọ, ó ń fi fèrè ẹnu kọrin, kakí rẹ̀ wà léjìká. Ó ju kakí sórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi lọ eléyìí. Ẹ má fi sítáàṣì sí i o."

Ọwọ́ Kò-jó-rí dúró lójú kan. "Ìwọ? Ṣé búrẹ́dì náà ti ń wọ igbó báyìí ni?"

Awakọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi, Bàbá. Lọ́rì iwájú ni n ó máa wà. Ọ̀gágun fúnra rẹ̀ ló ní ọwọ́ mi dáa lójú ọ̀nà tí kò dáa. Àmọ́ ẹ má sọ fún ìyá mi o. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò ní jẹ́ kí etí èèyàn sinmi."

Kò-jó-rí wo ojú fèrèsé bí ẹni pé yóò rí àbúrò rẹ̀ tó ń padà bọ̀. Ọ̀rọ̀ ti jáde. Kò mọ ojú ọ̀nà tí Ọlọ́ṣẹ ń gbà, kò mọ ẹni tó ń rí. Wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn pé kó má mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má baà lù ú títí yóò fi sọ ọ́. Lọ́rì iwájú sì ni ìbọn kọ́kọ́ máa ń bá, ó mọ ìyẹn láti ara kakí tó ń fọ̀.

"Ṣé ara rẹ yá báyìí?" ló bi í. "Ojú rẹ pọ́n. O ò ṣe sọ fún wọn pé inú ń run ẹ́?"

"Bàbá, ẹni tí inú bá run nírú àkókò yìí, pàṣán ni oògùn rẹ̀ níbí. Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Mo kàn bèèrè ni."

Kí ló kù tí ì bá sọ? Bó bá la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó di pé ọmọ yìí mọ̀ pé ìyá òun ń gbé ọ̀rọ̀ fún àwọn tó fẹ́ pa òun. Kò-jó-rí ò sì mọ ibi tí ọkàn ọmọ náà wà mọ́. Ó ti rí bó ṣe ń bá àwọn ṣọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré ní àgbàlá, pàápàá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, awakọ̀ gígùn kan báyìí tó máa ń ní sítáàṣì èèyàn méjì ni ṣòkòtò òun ń jẹ, tó sì máa ń fún Kò-jó-rí ní tábà. Ẹ̀rín Awakọ̀ láàárín wọn kì í ṣe ẹ̀rín ẹrú.

Ohun kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn. Ọ̀gágun lè dárí ji ẹni tó pẹ́ dé, ṣùgbọ́n kì í dárí ji ẹni tí bọ́tìnnì kan já lára aṣọ rẹ̀. Ẹni tí kakí rẹ̀ bá ní àbùkù kì í bá wọn jáde. Àtìmọ́lé ni, títí wọn yóò fi rán òmíràn fún un. Àtìmọ́lé sàn ju sàréè lọ.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó tẹ́ kakí náà sórí tábìlì, ó kó èédú pípọ́n sínú áyọ́ọ̀nù, ó gbé e lé àárín ẹ̀yìn ẹ̀wù. Ọwọ́ rẹ̀ gbé e kúrò fúnra rẹ̀. Ó tún gbé e lé e, ọwọ́ tún gbé e kúrò. Ó ti pẹ́ jù tí ọwọ́ náà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Ní ìkẹyìn ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ níbẹ̀, ó kúrò nídìí tábìlì, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ́yìn sí i. Nígbà tí òórùn náà dé imú rẹ̀, ó sọkún. Ó ń sọkún nítorí ọmọ, ó sì tún ń sọkún nítorí aṣọ, ojú sì ń tì í pé èkejì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí Awakọ̀ dé láàárọ̀, ó gbé ẹ̀wù náà sókè, ìmọ́lẹ̀ sì gba ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o kọjá.

"Bàbá! Kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

"Oorun ló gbé mi lọ, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin?"

Ó wò ó títí. Inú bí i débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó jáde láìdágbére. Kò-jó-rí rí i láti ojú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń tì í lọ sí àtìmọ́lé, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ wọ inú lọ́rì iwájú. Ó yọ orí síta, ó juwọ́.

"Baba Kò-jó-rí! Wọ́n ní aṣọ jó lọ́wọ́ yín! Ṣé ẹ ti ń darúgbó ni?"

Ẹ gbà mí gbọ́, bàbá yìí kò ronú rí pé lọ́rì náà kì í dá wa ara rẹ̀, pé ẹlòmíràn ni yóò jókòó nídìí rẹ̀. Gbogbo ìrònú rẹ̀ kò kọjá pé kí ọmọ òun má wà nínú rẹ̀. Ó la ẹnu láti pe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Lọ́rì gbéra.

Ọ̀sán ni wọ́n padà, wọn ò sì pé mọ́. Wọ́n gbé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sẹ́yìn lọ́rì tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta nítorí pé ó gùn jù. Kakí rẹ̀ rọ̀ pẹ̀lẹ́ bí Kò-jó-rí ṣe lọ̀ ọ́ fún un, láìsí sítáàṣì.

Ọ̀gágun ò pariwo. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, ó gbọ́ èdè, ó sì ní orí pípé. Ó pe gbogbo ṣọ́jà sí àgbàlá, ó ní kí wọ́n mú Awakọ̀ jáde, kí wọ́n mú alágbàfọ̀ náà wá. Ó na ẹ̀wù tó jó sókè.

"Ta ló jó aṣọ yìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá," Kò-jó-rí dáhùn. "Àṣìṣe ni."

Ṣọ́jà kan wá rẹ́rìn-ín. "Kò-jó-rí kẹ̀?" Àwọn mìíràn náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn mọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ?" Ọ̀gágun ní. "Wọ́n ní láti ìgbà tí o ti dáyé, áńkáṣíìfù kan ò jó lọ́wọ́ ẹ rí. Ọjọ́ tí ikú wá dúró de lọ́rì iwájú, ọjọ́ yẹn ni aṣọ awakọ̀ rẹ̀ jó. Ọmọ yìí mọ ohun tó wà lọ́nà, torí òun ló tà wá. Òun ló fi iná jó aṣọ ara ẹ̀. Ìwọ ń bò ó torí pé ọmọ ẹ ni."

"Bàbá, ẹ sọ fún wọn!" Awakọ̀ kígbe. "Ẹ sọ fún wọn pé n ò mọ nǹkan kan!"

"Èmi ni mo jó o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, èmi ni."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Orúkọ tó fi ń yangàn ló dúró lọ́rùn ọmọ náà. Ọ̀gágun ní lọ́la, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin àwọn òkú, wọn yóò yìnbọn fún Awakọ̀ níwájú gbogbo ìlú.

Ọlọ́ṣẹ ti gbọ́ kó tó délé. Ó wọlé wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìwọ bàtà, kò gbé ọṣẹ kankan lọ́wọ́. Kò-jó-rí sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ọlọ́ṣẹ dì í mú ní àyà ẹ̀wù, ohun tí kò ṣe rí láti ìgbà èwe wọn.

"Ẹ mọ̀ pé òun ni yóò wà níwájú, ẹ ò sọ fún mi!"

"O ti lọ kí n tó mọ̀."

"Nígbà tí mo padà dé ńkọ́? Ẹ fi ìyà jẹ mí, ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ jẹ́ kí n lọ pe ikú wá bá ọmọ mi, mo tún délé mo sùn!"

"Bí mo bá sọ fún ẹ, ariwo tí o máa pa ni yóò pa gbogbo wa."

"Ariwo ọ̀hún náà ni n ó lọ pa báyìí. N ó sọ fún wọn pé èmi ni."

"Wọ́n á ní kí o mú àwọn débẹ̀."

"N ó mú wọn débẹ̀!"

Kò-jó-rí wò ó. "Ọmọ mi ń bẹ níbẹ̀."

"Ṣé èmi ni ẹ ń sọ ìyẹn fún?" Ohùn Ọlọ́ṣẹ wá lọ sílẹ̀. "Èmi ni mò ń fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ síbẹ̀ kí ikú má baà bá ọmọ yín. Mi ò yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó ti kan tèmi báyìí. Ta ni yóò rìn fún tèmi?"

Kò-jó-rí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa sítáàṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Bó ti wù kó yí ọ̀rọ̀ náà sí, ọmọ kan ń kú nínú rẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, "Èmi ni n ó rìn. Máa lọ sílé, máa se ọṣẹ rẹ. Ọjọ́ tí o máa ń gbé e wá gan-an ni kí o gbé e wá. Bí o ò bá wá, wọ́n á bèèrè ìdí rẹ̀."

Ó tọ Ọ̀gágun lọ nínú ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tó jẹ́ yàrá olùkọ́ àgbà tẹ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ló ń tà wọ́n, pé láti ìgbà tí wọ́n ti dé lòun ti ń tà wọ́n. Ọ̀gágun ò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní kó máa lọ sílé lọ sunkún ọmọ rẹ̀. Kò-jó-rí wá sọ ọ̀rọ̀ sítáàṣì fún un. Ó ní ìgbàkúùgbà tí wọ́n bá ti ní kí òun má fi sítáàṣì sí kakí, òun ti mọ̀ pé igbó ni. Ọ̀gágun fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò, ó rọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta lò ń sọ ọ́ fún?"

"Kò sẹ́nìkan. Èmi fúnra mi ni mo máa ń lọ, bí mo bá lọ ra èédú létí igbó."

Ọ̀gágun wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ tí ìdúró nídìí tábìlì ti mú wú. "Ẹsẹ̀ yìí?"

"Ẹsẹ̀ yìí náà ni, ọ̀gá."

"Mo gbà pé ìwọ ni. Ọmọ náà á jáde." Ó dìde. "Àmọ́ ìwọ kọ́ lò ń rìn. Padà sídìí iṣẹ́ ẹ. Ṣọ́jà mi kan á jókòó sẹ́yìn àwọn aṣọ tí o sá. Ẹni tó bá wá gbọ́ ọ̀rọ̀, a máa mọ̀ ọ́n. Bí aṣọ kan bá tún jó, bí o bá fi ojú sọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ibi tí ọmọ ẹ ti jáde ló máa padà sí."

Bí wọ́n ṣe tú Awakọ̀ sílẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà bárékè. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í kó kakí wá. Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ sítáàṣì. Kò-jó-rí ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀tàn lásán ni, pé pańpẹ́ ni Ọ̀gágun dẹ, kò sí ibi tí wọ́n ń lọ. Ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

Ọjọ́ ọṣẹ pé. Ṣọ́jà náà wà lẹ́yìn àwọn aṣọ tó rọ̀ sílẹ̀, bàtà rẹ̀ nìkan ló ń yọ lábẹ́. Ọlọ́ṣẹ wọlé, ojú rẹ̀ wú nítorí ẹkún, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn.

"Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi! Ó juwọ́ sí mi! Ẹ ṣé, ẹ ṣé o." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Báwo ni…"

Kò-jó-rí ki ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀, ó gbá ọṣẹ mú, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri.

"Ṣé ọṣẹ lo pe ìdọ̀tí yìí? Ọṣẹ tó ń jẹ aṣọ jẹ! Gbogbo kakí ẹni ẹlẹ́ni ló ti bà jẹ́ tán! Olè! Alábòsí! Jáde kúrò níbí, má jẹ́ kí n tún fojú kàn ọ́ láéláé!"

Ó sọ ọṣẹ kejì, ó sọ ìkẹta. Ọ̀kan bà á léjìká. Ọlọ́ṣẹ kígbe padà. Ó ṣépè fún un, ó ní kò ní rí ẹni tí yóò bò ó lójú lọ́jọ́ ikú, ó ní láti òní lọ òun ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo, ó jáde. Bóyá ó ti rí bàtà ṣọ́jà yẹn, bóyá kò rí i, Kò-jó-rí ò mọ̀, kò sì rí i bi títí ayé rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ọṣẹ nílẹ̀.

"Ẹ mà bínú jù, Baba," ṣọ́jà náà sọ láti ẹ̀yìn aṣọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá kó kakí wọn. Ìgò omi wà ní ìbàdí wọn, ọta ìbọn wà lọ́rùn wọn. Àwọn lọ́rì ti ń ké ní àgbàlá, wọ́n sì pọ̀ ju bí Kò-jó-rí ti rí wọn rí lọ. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Wọ́n ń lọ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sínú igbó.

Awakọ̀ ló wọlé kẹ́yìn, ṣọ́jà kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbọn. Ó ti rù. Kò kí i bó ṣe máa ń kí i.

"Wọ́n ní èmi ni n ó wà níwájú. Wọ́n ní bí ẹ bá ní èèyàn níbẹ̀, kí onítọ̀hún rí ojú mi dáadáa kó tó yìnbọn." Ó yí ojú sí fèrèsé. "Ọ̀rẹ́ mi ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ níbẹ̀?"

Ṣọ́jà náà ń wo ẹnu Kò-jó-rí. Omi ń ṣàn lójú bàbá náà, kò nù ún. Ó na kakí sí ọmọ náà. Awakọ̀ yí i padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa àárín ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ẹ̀wù àkọ́kọ́ ti jó lu. Ó wo ojú bàbá tó tọ́ ọ dàgbà, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ pé ihò kan wà níbẹ̀.

"Kò jó?"

"Kò jó, ọmọ mi."

Awakọ̀ wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ó rọ̀ mọ́ ọn lára dáadáa, nítorí kò sí sítáàṣì nínú rẹ̀.